Téréènì àti sẹ̀nárìò nínú géèmù ogun orí tábìlì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí géèmù ogun orí tábìlì, ara àwọn ọmọ ogun kéékèèké yẹn lojú ẹ̀ máa ń lọ, bí wọ́n ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kùn wọ́n, bí ìbọn ọwọ́ wọn ṣe rí. Wọ́n rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ to ogún sápá ọ̀tún, ẹ to ogún sápá òsì, kí ààrin tábìlì ṣófo, kẹ́ ẹ wá máa ju dáìsì, ẹ máa rí i pé kò sí géèmù níbẹ̀: ẹni tí ìbọn ẹ̀ ń yìn jìnnà jù á dúró síbi tó wà, á máa yìn ín lọ, ẹnì kejì á sì máa kó òkú. Ohun tí kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni téréènì àti sẹ̀nárìò.

Téréènì ni ilẹ̀ ogun fúnra ẹ̀ àti gbogbo ohun tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ lórí ẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ogun: òkè, igbó, odò, ọgbà, àwókù ilé. Èèyàn lè fi fóòmù gé òkè, ó lè fi páálí ṣe ilé, kódà ìwé ńlá méjì tẹ́ ẹ da aṣọ bò, òkè ni. Ohun tí rúùlù fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé èèyàn lè gba ibẹ̀ kọjá, àbí ó máa fà á sẹ́yìn? Ṣé ojú lè ríran kọjá ẹ̀? Ẹni tó bá sá síbẹ̀ ńkọ́, ṣé ó máa rí ààbò? Odò máa ń dá ẹsẹ̀ dúró ṣùgbọ́n kì í dí ojú. Ọgbà kúkúrú kì í dí ojú náà, àmọ́ ó lè gba ọta ìbọn dúró fún ẹni tó lúgọ sẹ́yìn ẹ̀. Igbó lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ ojú yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Àwọn géèmù kan ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ojú sẹ́yìn orí ọmọ ogun yín, tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀tá látibẹ̀, ó ti rí i náà nìyẹn. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n igi mẹ́ta tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan kì í ṣe igi mẹ́ta lóòótọ́, igbó kìjikìji ló dúró fún, ẹ ò kàn lè lẹ igba igi mọ́ ọn kí ibi tí ọmọ ogun máa dúró sí ṣì wà. Ìdí nìyẹn táwọn géèmù míì fi sọ pé ibi tí etí pákó yẹn bá dé ni igbó dé, ẹ lè yọ igi kúrò kẹ́ ẹ rọ́nà gbé ọmọ ogun yín, igbó ṣì ni, ojú kò sì gbọdọ̀ ríran já sí òdìkejì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti fi odidi ìrọ̀lẹ́ jiyàn lórí irú igbó bẹ́ẹ̀, èmi ń sọ pé mo rí ọ̀tá láàrin igi méjì, òun ń sọ pé igbó ni, kò sẹ́ni tó lè rí i, a ò sì parí géèmù náà torí a ò bára wa sọ ọ́ kí dáìsì àkọ́kọ́ tó balẹ̀.

Warhammer 40,000, géèmù ogun ọjọ́ iwájú kan tó gbajúmọ̀, ẹ̀dà kẹwàá ẹ̀ tó jáde ní 2023 pa méjèèjì pọ̀. Ojú yín lẹ fi ń wò, ṣùgbọ́n tó bá ti kan àwókù ilé, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kò lè ríran já sí òdìkejì ẹ̀, bí fèrèsé ẹ̀ tiẹ̀ ṣí gbayawu, wọ́n kàn lè rí ẹni tó wà nínú ẹ̀ ni. Ààbò ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó wà níbi ààbò máa fi 1 kún dáìsì tó fi ń gba ara ẹ̀ là. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Ká ní 4 sókè ló ń gba ọmọ ogun yín là, tí ọta méjìlá bá bà wọ́n ní gbangba, mẹ́fà ló máa wọlé tí dáìsì ò bá ṣe ojúsàájú. Nínú àwókù ilé, ó ti di 3 sókè, mẹ́rin péré ló máa wọlé. Èèyàn méjì tí ògiri páálí gbà là nìyẹn.

Sẹ̀nárìò ní tiẹ̀ ni ìdí tẹ́ ẹ fi ń jà. Òun ló ń sọ ibi tí kálukú máa to ọmọ ogun ẹ̀ sí, iye ráúńdì tẹ́ ẹ máa ta, àti ohun tó máa fún èèyàn ní máàkì. Nínú Warhammer yẹn, ráúńdì márùn-ún ni, wọ́n á gbé àwọn àmì roboto tí fífẹ̀ wọn jẹ́ mìlímítà 40 sórí tábìlì, ẹni tí agbára àwọn ọmọ ogun ẹ̀ bá pọ̀ jù láàrin ínṣì mẹ́ta sí àmì kan ló ni ín. Ẹ wò ó, ẹni tó pa èèyàn jù lè pàdánù, torí nígbà tó ń lé àwọn tó ń sá kiri, ẹnì kejì ti fi ọmọ ogun díẹ̀ jókòó sórí àmì, ó ń ka máàkì. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú géèmù yìí nìyẹn.

Sẹ̀nárìò kò sì ní kí iye dọ́gba. Ẹ fún ẹnì kan ní èèyàn mẹ́wàá àti afárá kan, ẹ fún ìkejì ní ọgbọ̀n, ẹ ní tí ẹni mẹ́wàá bá lè di afárá náà mú fún ráúńdì mẹ́rin, òun ló jẹ. Ogun tó gbóná ni.

Ta ló wá ń to téréènì? H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ìdáhùn kan sílẹ̀ ní 1913 nínú Little Wars, ìwé rúùlù tó ṣe fún irú géèmù yìí: ẹ ju owó ẹyọ, ẹni tó bá mú ni á to ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹnì kejì ló máa yan apá tó fẹ́ jà sí. Bí ẹran tẹ́gbọ́n bù sí méjì ni, tí àbúrò máa kọ́kọ́ mú, ẹ̀gbọ́n ò ní gé e ní gégele. DBA (De Bellis Antiquitatis), rúùlù géèmù ogun ayé àtijọ́ tó jáde ní 1990, gba ọ̀nà míì: ẹni tí wọ́n wá ká mọ́lé ló ń to téréènì, irú ilẹ̀ tó jẹ́ tiẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ tò. Tó bá jẹ́ ará inú igbó ni, igbó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó kó ẹṣin wá bá a jà á sì máa wá ibi tó tẹ́jú kiri.