Laptop Tí Windows 11 Kọ̀: Ẹ Má Tíì Tà Á

HP EliteBook 840 G3 tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Unilorin ní Tanke. Ọpọlọ (processor) Intel ìran kẹfà ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Windows 11 ní àfi ìran kẹjọ sókè. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft sì ti jáwọ́ nínú àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10. Ni àwọn ènìyàn bá ń lu laptop tí ara rẹ̀ le koko ní gbàǹjo. Ó ń dùn mí.

Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, lè gbé e dìde. Linus Torvalds, ọmọ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ọ̀fẹ́ sì ni. Linux Mint, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, ẹ̀yà rẹ̀ tó fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Xfce, ni mo máa ń fi lé ẹni tó ń ti Windows bọ̀ lọ́wọ́: ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì, RAM 4GB sì tó o.

Ẹ lè tọ́ ọ wò ná. Ẹ wa fáìlì rẹ̀ sílẹ̀, kò ju bíi 3GB lọ, kí ẹ fi Rufus, ètò kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, kọ ọ́ sórí fúláàṣì 8GB. Gbogbo ohun tó wà lórí fúláàṣì náà ni yóò parẹ́ o. Ẹ pa laptop, bí ẹ bá ti ń tàn án padà kí ẹ máa tẹ F9 léraléra bó bá jẹ́ HP. F12 ni ti Dell àti Lenovo. Mint yóò ṣí láti orí fúláàṣì, kò sì ní fọwọ́ kan hard disk yín àfi bí ẹ bá ní kó gbé ara rẹ̀ wọlé. Ẹ so Wi-Fi, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ gbọ́ orin. Bí Wi-Fi bá kọ̀, bí káàdì Wi-Fi tí ilé-iṣẹ́ Broadcom ṣe ṣe máa ń kọ̀ nígbà mìíràn, ẹ fi wáyà USB so fóònù mọ́ ọn, kí ẹ tan USB tethering, kí ẹ fi dátà fóònù wa ohun tó kù.

Fáìlì ni kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kó fọ́tò àti ìwé wọn sí D, àyè kejì tí Windows ń fi hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ C, wọ́n gbà pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Orí hard disk kan náà ni C àti D sábà máa ń wà. Ẹ tẹ “Erase disk and install Linux Mint” báyìí, àti C àti D ló lọ. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí hard disk mìíràn, kí ẹ ṣí díẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Kí bátìrì sì kún, kí iná má lọ mọ́ yín lọ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yẹ. Ẹni tó ń fi CorelDRAW ṣe káàdì wòlímà jẹun, kó má dán an wò lórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ rẹ̀, nítorí CorelDRAW kò ní ti Linux. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ project kò ní wàhálà: LibreOffice tó bá Mint wá ń ṣí fáìlì Word. Ìlà lè yẹ̀ díẹ̀, nítorí náà PDF ni kí ẹ gbé lọ fún ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Bí owó bá wà, ẹ ra SSD, ohun tó ń ṣe iṣẹ́ hard disk ṣùgbọ́n tó yára jù ú lọ, kí ẹ gbé Mint sórí ìyẹn. Laptop náà yóò yá ju bí ẹ ṣe rò lọ, hard disk àtijọ́ yóò sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú Windows àti gbogbo fáìlì yín.