Bí a ṣe ń wẹ gíní-pígì, àti ohun tí à ń ṣe bí omi bá gba imú rẹ̀ wọlé

Gíní-pígì (guinea pig), ẹran kékeré onírun tó jẹ́ ìbátan eku tí àwọn kan ń sìn nílé, kì í fi ẹnu mí. Imú nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀. Apá ẹ̀yìn àjà ẹnu rẹ̀, ibi tó rọ̀ yẹn, lẹ̀ mọ́ ìdí ahọ́n, ihò tíńtín kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀ tí oúnjẹ ń gbà kọjá. Ènìyàn tí omi bá bo imú rẹ̀ níbi tó ti ń bọ́jú yóò la ẹnu, yóò sì mí. Ẹranko yìí kò ní irú ọ̀nà kejì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ imú yìí ti mọ ìdí gbogbo ìkìlọ̀ tó wà nínú wíwẹ̀ ẹ́.

Láìka orúkọ rẹ̀ sí, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kò sì ti Guinea wá. Lórí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, lápá Peru àti Bolivia, ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ ń sìn ín fún ẹran jíjẹ, ní ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nínú àwọn ẹran tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Oǹdó, òyà àti òòrẹ̀ ló bá a tan, wọ́n sún mọ́ ọn ju eku ilé lọ. Ṣùgbọ́n ìwà wọn sí omi kò dọ́gba. Òyà mọ odò í wẹ̀ dáadáa, inú omi ló sì máa ń sá sí nígbà mìíràn bí wọ́n bá ń lé e. Gíní-pígì tí àwọn ọmọ bá jù sínú bàsíà lè fi ẹsẹ̀ wa omi díẹ̀, kí wọ́n sì máa pàtẹ́wọ́ pé ó ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù ikú ni wọ́n ń wò yẹn, kì í ṣe eré.

Àgbà rẹ̀ sábà máa ń wọn nǹkan bí 700 gíráàmù sí 1,200 gíráàmù. Èémí kan tó bá fà símú kò ju nǹkan bíi ṣíbí tíì kan lọ, ó sì ń mí bí ìgbà 40 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ìkán omi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò ní ṣe ènìyàn ju kó sín lẹ́ẹ̀mejì lọ, ẹrù ńlá ni fún ẹ̀dọ̀fóró tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí a wẹ̀ ẹ́. Àwa tí a kì í jáde láàárọ̀ láìfi omi kan ara máa ń rò pé ohun tí kò bá wẹ̀ ti dọ̀tí nìyẹn. Gíní-pígì ń fi ahọ́n àti ẹsẹ̀ tọ́jú ara rẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí irun wọn kúrú sì lè lo ìgbé ayé wọn láìwẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mélòó kan lọ. Bí òórùn bá gba ilé, àgò rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ìtọ̀ tó ti rin inú èérún igi tí a fi tẹ́ ilẹ̀ fún un ló sábà máa ń rùn. Bí a bá wẹ ẹran náà tí a sì dá a padà sínú àgò kan náà, iṣẹ́ lásán ni.

Àwọn ìdí tó múná dóko kò pọ̀. Àwọn tí irun wọn gùn tó ń wọ́ nílẹ̀ máa ń kó ìgbẹ́ àti ìtọ̀ sí ìdí. Akọ ní ibì kan lẹ́bàá òpin ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa ń sun ọ̀rá, irun ibẹ̀ a sì lẹ̀ pọ̀ bí ẹni fi gírísì pa á. Èyí tó sanra jù tàbí tó ti dàgbà lè má lè na ọrùn dé ìdí ara rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, dókítà ẹran ló máa ní kí a fi ọṣẹ oníṣègùn wẹ̀ ẹ́ nítorí làpálàpá, èyí tó lè ran àwọn ọmọ tó ń gbé e, nítorí náà ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣe pàtàkì níbẹ̀. Èyí tó lóyún, èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé kì í ṣe ẹni à ń wẹ̀, àfi bí dókítà bá sọ ọ́.

Nínú gbogbo ìdí wọ̀nyí, ìdí ẹran náà nìkan ló sábà máa ń dọ̀tí. Kí ló wá kan orí? Wíwẹ ìdí nìkan, tí a ó fi ọwọ́ kan gbé àyà rẹ̀ sókè kúrò lójú omi, ló yẹ kó jẹ́ àṣà ilé. Wíwẹ gbogbo ara ló yẹ kó ṣọ̀wọ́n.

Àkókò tún ní í ṣe. Láàárọ̀ ọyẹ́ ní Akúrẹ́, nígbà tí atẹ́gùn gbígbẹ ń fẹ́ tí omi inú tánkì sì tutù bíi yìnyín, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ronú pé òun fẹ́ wẹ ẹran kékeré. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán dára jù, nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀, tí fáànù kò sì yí. Kí ohun gbogbo ti wà nítòsí kí a tó gbé e: aṣọ ìnura mẹ́ta ó kéré tán, abọ́ rọ́bà fẹ̀ǹfẹ̀ tí a tẹ́ aṣọ sí ìdí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà máa yọ̀, ife kékeré kan, àti kànrìnkàn rírọ̀ tàbí aṣọ pélébé. Ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ ló ń mú un jà, ìjà ló sì ń mú kí imú kan omi. Aṣọ ìdí abọ́ yẹn kò yàtọ̀ sí ààbò ẹ̀mí rẹ̀.

Omi náà gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgúnpá tí àwọn ìyá fi ń dán omi ọmọ wò tó: bí kò bá ta ìgúnpá, tí kò sì tutù sí i, ó ti dára. Ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ikùn ẹran náà nígbà tó bá dúró, ìyẹn bí ìka méjì sí mẹ́ta. Kí omi ti wà nínú abọ́ kí a tó gbé ẹran sí i. Omi tó ń ya láti ẹnu ẹ̀rọ ń dẹ́rù bà á, ó sì ń ta sójú.

Ọwọ́ kan á wà lábẹ́ àyà rẹ̀, tí àtàǹpàkò àti ìka yóò rọra gbá èjìká mú, kí orí máa ga ju ẹ̀yìn lọ nígbà gbogbo. Ọwọ́ kejì ni yóò máa fi ife bu omi láti èjìká lọ sí ìdí, kì í ṣe láti ìdí wá síwájú. Ọṣẹ tí a ṣe fún ẹranko kékeré ni kí a lò, díẹ̀ péré. Ọṣẹ dúdú, ọṣẹ ìfọṣọ àti ọṣẹ irun tiwa le jù fún awọ rẹ̀, kẹrosíìnì tí àwọn kan fi ń lé iná orí kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá, nítorí yóò fi ahọ́n lá a nígbẹ̀yìn. Ojú, etí àti imú kì í rí omi inú ife. Aṣọ tí a rin tí a sì fún gbẹ ni a fi ń nù wọ́n.

Ọwọ́ ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ ìkókó lókìkí láàárín wa, a sì bọ̀wọ̀ fún un: wọ́n á da omi lé ọmọ lórí, wọ́n á dì í lẹ́sẹ̀ mú sísàlẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sókè kí wọ́n sì hán an. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó bá gíní-pígì mu. Ọmọ náà gan-an, omi ti pá òmíràn lórí níbẹ̀.

Kí iṣẹ́ má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Aṣọ ìnura àkọ́kọ́ ni yóò fa omi, èkejì ni yóò gbẹ ẹ, ẹ̀kẹta ni yóò dì í mọ́ àyà ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́. Bí iná ìjọba bá wà, ẹ̀rọ tí onídìrí fi ń gbẹ irun lè ṣiṣẹ́, bí a bá fi sí ìwọ̀n tó kéré jù tí a sì jìnnà. Ariwo rẹ̀ ń já ọ̀pọ̀ wọn láyà. Oòrùn ọ̀sán kì í ṣe ibi ìsá a sí: ooru tó bá ti ju 30 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì lè pa á.

Bí a bá ṣe gbogbo èyí, ẹran náà ṣì lè já gìrì, kí ó sì ki imú bọ omi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí. Omi á gba imú kọjá gògóńgò, á sì wọ àwọn ẹ̀ka tóóró inú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó wà níbẹ̀ ní nǹkan yíyọ̀ kan tó ń jẹ́ kí wọ́n máa ṣí. Omi ń fọ̀ ọ́ dànù, omi ọṣẹ sì burú ju omi lásán lọ. Àpò tó bá ti pa dé kì í gba afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ méjì mẹ́ta, kòkòrò àrùn tí omi náà gbé wọlé lè di òtútù àyà. Ìdí nìyẹn tí ẹran tó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá lọ́sàn-án fi lè máa kú lọ lọ́la.

Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, gbé e kúrò nínú omi, bí ọṣẹ tilẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Gbé ikùn rẹ̀ lé apá, di àyà àti ìdí rẹ̀ mú dáadáa, kí orí rọra lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju ìdí lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ohun tó wà nímú lè ṣàn jáde. Fi aṣọ rírọ̀ nu imú náà. Bí ó bá ń sín tàbí tó ń wúkọ́, kò burú, ara ló ń lé omi jáde. Jẹ́ kó ṣe é. Má ṣe gbá a lẹ́yìn, má ṣe tẹ àyà rẹ̀. Má sì ṣe dì í lẹ́sẹ̀ mú kí o máa fì í bí ẹni ń fì kànnàkànnà: fífì lè ṣẹ́ ọrùn, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ.

Lẹ́yìn èyí, ooru àti ìdákẹ́jẹ́ ló kù. Dì í sínú aṣọ gbígbẹ láìfún àyà rẹ̀, gbé ìgò omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí a fi aṣọ wé sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè sún kúrò bí ooru bá pọ̀ jù. Kí ó dùbúlẹ̀ lórí ikùn, kì í ṣe lórí ẹ̀yìn. A kì í fi síríǹjì rọ ọ́ ní omi tàbí àgbo, nítorí ẹni tí kò tíì mí dáadáa kò lè gbé mì. Koríko rẹ̀ nìkan ni kó wà nítòsí ẹnu rẹ̀.

Bí ẹranko tí kì í fi ẹnu mí bá ń la ẹnu wá afẹ́fẹ́, tí èrìgì rẹ̀ ń dúdú bí aró, tí ìhà rẹ̀ ń wọlé wọ̀jáde kíkankíkan, tàbí tí ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ló kàn lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni yóò kọ́kọ́ nílò, kò sì sí ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ nílé. Nítorí náà, kí nọ́ńbà dókítà ti wà lórí fóònù kí a tó fi ẹsẹ̀ ẹran kan omi. Kì í ṣe gbogbo dókítà tí ajá àti adìẹ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń gba irú rẹ̀.

Èyí tó mí dáadáa lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ṣì nílò ojú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ka èémí rẹ̀ nígbà tó bá sinmi: ìṣẹ́jú-àáyá 15, lẹ́yìn náà ìlọ́po mẹ́rin. Fi etí sí àyà rẹ̀ bóyá ó ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ tàbí pápápá. Wo imú bóyá ikun ti gbẹ mọ́ ọn. Wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná láràárọ̀. Oúnjẹ ni àmì tó tètè ń sọ̀rọ̀ jù: ìfun rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ó ń jẹun ṣáá ni, wákàtí 12 láìjẹ nǹkan kan sì tó láti gbé e lọ. Tàtàsé àti gúáfà yóò ràn án lọ́wọ́, nítorí bíi tiwa, ara rẹ̀ kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀. Kó jìnnà sí ajá àti ehoro nínú ọjọ́ wọ̀nyí. Wọ́n lè gbé Bordetella, kòkòrò kan tó ń fa òtútù àyà fún un, láìṣàìsàn rárá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pa ẹran tó ti yè bọ́ nínú omi ni ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Ikọ́ dé, wọ́n á tú Ampiclox tàbí Amoxil sínú omi fún un. Àwọn òògùn yìí, pẹ̀lú pẹnisílíìnì àti tẹtirasáíkílíìnì, ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń bá a da oúnjẹ nínú ìfun, àwọn búburú á wá gbilẹ̀, májèlé wọn á sì pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan. Dókítà tó mọ̀ ọ́n sábà máa ń yan enrofloxacin tàbí trimethoprim tí a pò mọ́ òògùn sulfa, ó sì ń fi ìwọ̀n ara ẹran ṣírò rẹ̀. Títí dókítà yóò fi ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti mọ́, aṣọ rírin tí a fún gbẹ ni a ó máa fi nu ìdí rẹ̀.