Ọmọ wà ní Toronto, ìyá wà ní Kubwa: bí a ṣe ń ṣètò ìpè, owó àti ìròyìn

Bí ìpè láti òkè òkun bá dínkù, ohun tí àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ó ti gbàgbé wa." Kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wo aago ná. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé tó ní ẹnì kan ní Kubwa tàbí Lugbe ní Àbújá, tí ẹnì kejì wà ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Toronto ní Kánádà, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ń wọ́.

Nàìjíríà kì í yí aago padà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yí tiwọn. Láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, aago wọn àti ti Àbújá dọ́gba. Nínú àwọn oṣù yòókù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Toronto fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn wa nígbà ooru wọn, ó di 6 nígbà òtútù. Houston ní Amẹ́ríkà jẹ́ 6 àti 7, Calgary ní Kánádà jẹ́ 7 àti 8. Àwọn ìlú mẹ́ta yìí kì í yí aago lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì o: ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta ni wọ́n ń sún tiwọn síwájú, ọjọ́ Àìkú kìíní oṣù kọkànlá ni wọ́n ń dá a padà. Ìdí nìyẹn tí ìpè tí ẹ ti ń ṣe dáadáa láti oṣù mélòó kan fi lè ṣàdédé dàrú ní oṣù kẹta. Ti Jeddah ní Saudi Arabia rọrùn ní tiẹ̀: wákàtí 2 ni wọ́n fi ṣáájú wa, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò.

Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Toronto nígbà òtútù, aago méjìlá òru ti lù ní Kubwa. Tí ìyá bá ní "Pè mí tí o bá délé," ìpè yẹn kò ní wáyé, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Èyí tó lè wáyé ni ti aago mẹ́fà òwúrọ̀ lọ́hùn-ún, tó jẹ́ aago méjìlá ọ̀sán níbí, bóyá nígbà tí ọmọ wà nínú bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́ta ọ̀sán lẹ́yìn ìsìn, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni lọ́hùn-ún. Ti nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Leeds tún yàtọ̀: ó lè fi wákàtí 12 ṣiṣẹ́, kó tó délé lówùúrọ̀ kó sùn. Ẹ má pè é lọ́sàn-án. Ọ̀sán ni òru rẹ̀. Ẹ ní kó ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ fún wọn, kó fi ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ẹ sì yan wákàtí ìpè láti inú rẹ̀.

Iye ìgbà tí ẹ ń pè ṣe pàtàkì ju bí ìpè ṣe gùn tó lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ dára ju wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan lóṣù lọ. Bí ìpè bá ṣọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ ńláńlá nìkan ló ń rí àyè wọlé: àìsàn, owó ilé, ìjà àwọn ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù fóònù, nítorí pé bó bá ti dún, wàhálà ni. Ohun kékeré ni kí ẹ máa sọ fún un: pé onílé ti kun géètì, pé tòmátì ti wọ́n lọ́jà Wuse, pé ọmọ àǹtí tó wà lódìkejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹni tó gbọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí, bó bá padà wálé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò ní jókòó bí àlejò.

Níbi tí aago kò bá ti bára mu rárá, voice note, ìyẹn ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ló ń gbani. Ó dára fún àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kà, ó sì dára fún ẹni tó ti rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni kó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má sì ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Èyí tó bá gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wá gbọ́ ọ, wọn kò sì ní gbọ́ ọ. Ẹ kí ènìyàn dáadáa kí ẹ tó wọnú ọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ki oríkì ìyá àgbà ránṣẹ́ ti ṣe ohun tí owó kò lè ṣe, torí ìyá á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á sì fi í han gbogbo àwọn tó bá wá kí i.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wà ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lè má ní ju fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì lọ. Iṣẹ́ ẹni tó wà ní Àbújá nìyẹn. Òun ló wà láàárín, òun ló sì ń so ìlú àbínibí mọ́ òkè òkun. Ọ̀nà kan tó rọrùn ni kí ó fi fóònù kan pe Toronto lórí WhatsApp, kó fi èkejì pe Ọ̀fà bí a ṣe ń pe lásán, kó wá ṣí spíkà méjèèjì. Bí ohùn bá ń dún padà, fóònù méjèèjì ti sún mọ́ra jù nìyẹn: ẹ sún wọn jìnnà síra díẹ̀, kí ẹ sì dín ohùn wọn kù.

Ní ti détà, láti oṣù kìíní 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, kò sí ẹni tó fẹ́ fi ṣòfò. Ìpè fídíò ń jẹ détà ju ìpè ohùn lọ fíìfíì. Ẹ wọ Settings lórí WhatsApp, ẹ lọ sí Storage and data, kí ẹ tan "Use less data for calls". Ẹ sì pa fídíò tó ń wọlé fúnra rẹ̀ láti inú gúrúùpù ìdílé níbẹ̀. (Gúrúùpù tó ní ọgọ́ta ènìyàn, tí wọ́n kàn ń fi àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ìbáṣepọ̀. Kò burú, àmọ́ ẹ má kà á mọ́ ìpè.)

Ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje kì í lè bá fóònù jókòó sọ̀rọ̀. Bí bàbá tó wà lókè òkun bá ń béèrè pé "Ṣé dáadáa ni? Ṣé o ń kàwé?", ọmọ á dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, á sì sá lọ. Kí wọ́n jọ ṣe nǹkan ni: kí ọmọ máa jẹun níwájú fóònù, kó máa ka ìwé iléèwé rẹ̀ sókè, kí bàbá máa tún un ṣe. Kí bàbá mọ orúkọ olùkọ́ rẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìpè kọ̀ọ̀kan parí sí "Kí ni kí n rà fún ẹ?" Ìyá tó wà nílé ló máa ń jìyà ẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí òun ló ń báni wí, ẹnì kejì ló ń rajà.

Àwọn tọkọtaya tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ báyìí pọ̀ sí i nítorí òfin. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, àyàfi àwọn tó ń ṣe ìwádìí bíi ti oyè dókítà tàbí tí ìjọba ń san owó wọn. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn kan náà mọ́ àwọn tó ń gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà. Bí ọ̀nà bá wá ṣí lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á béèrè ẹ̀rí pé ìgbéyàwó náà ṣì ń bẹ láàyè. Ẹ tọ́jú rẹ̀ láti ìsinsìnyí: fọ́tò àkọsílẹ̀ ìpè mélòó kan lóṣooṣù, rìsíìtì owó, ìwé iléèwé tí òbí méjèèjì fọwọ́ sí. Ẹ pa "Disappearing messages", tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀, lórí WhatsApp yín, kí ẹ sì ṣe backup, ìyẹn kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, kí ẹ tó pààrọ̀ fóònù. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí ọdún méjì ti sábà ń ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ òbí kan ṣoṣo ló wà lọ́hùn-ún tó ń béèrè fún ọmọ, tí ìkejì kò ní bá wọn gbé níbẹ̀, wọ́n lè ní kó fi hàn pé òun nìkan ló ń dá ìpinnu pàtàkì ṣe lórí ọmọ náà. Ẹ̀bùn àti owó nìkan kò tó fún ìyẹn.

Owó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ jọ yan ọjọ́ kan lóṣù, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sórí àtẹ̀jíṣẹ́, kí ìpè jẹ́ ti ìkíni. Láti oṣù kìíní 2024, Báǹkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé náírà ni kí wọ́n máa san fún ẹni tó ń gba owó láti òkè òkun, nítorí náà ẹ má ṣe ètò lórí dọ́là àfọwọ́kà. Orúkọ tó wà lórí owó gbọ́dọ̀ bá ti káàdì ẹni tó ń gbà á mu: ẹ fi "Adé" ránṣẹ́ sí ẹni tí káàdì rẹ̀ jẹ́ "Adéwálé", owó á dúró. Ẹ jọ ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ẹ kò kọ sórí fóònù rárá. Bí WhatsApp àbúrò bá dédé ń béèrè owó kíákíá, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ náà. Ẹ sì lọ sí Settings, Account, Two-step verification, kí ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tì í pa.

Ìròyìn ikú ló ń ba ìdílé jẹ́ jù. Àwa Yorùbá fẹ́ràn kí a fi pamọ́: "Ẹ má sọ fún un, ó wà lẹ́nu ìdánwò." Lẹ́yìn náà ni ọmọ á rí i lórí status ìbátan kan pé bàbá òun ti kú. Ó ṣòro kí ó tún gba ilé gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, n kò sì dá a lẹ́bi. Ẹ pinnu nígbà tí ara ṣì le: ta ni yóò pè é, ta ni wọ́n á kọ́kọ́ pè nílùú tó wà kí ẹni náà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé fọ́tò síta kí wọ́n tó sọ fún un. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni òkú, ilẹ̀ á ti gbà á kí ọkọ̀ òfurufú kankan tó gbéra. Ẹ tan fídíò níbi àdúrà bí ìdílé bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá sì wá, ẹ wádìí kí ẹ tó bínú. Ẹni tó ń béèrè ìwé ìgbélùú tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá wá sí Nàìjíríà kí èsì tó dé, wọ́n á kà á sí pé ó ti fa ìbéèrè rẹ̀ sẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ tó ń dúró de green card, ìwé ìgbélùú wọn, kò lè jáde láìgba ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń pè ní advance parole. Ó lè máa tijú láti sọ pé bó ṣe rí nìyẹn.

Síìmù Nàìjíríà náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Laini tí wọn kò bá fi pe ènìyàn, tí wọn kò fi ṣe ohunkóhun tó ń mú owó wọlé fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè ti í pa. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíràn, kóòdù báǹkì á sì máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ tan roaming, tó ń jẹ́ kí síìmù ṣiṣẹ́ lókè òkun, kí ẹni tó ń lọ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ lóṣù méjìméjì. Fífi síìmù sílẹ̀ fún àbúrò dà bíi fífi kọ́kọ́rọ́ báǹkì sílẹ̀ fún un.

Ó ku ti ìránṣẹ́. Torí pé Àbújá ni iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wà, tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí, ará Àbújá ni gbogbo ẹbí ń rán. Láti Mararaba dé àárín ìlú, ọjọ́ kan gbáko lè lọ sí i, wọ́n sì lè ní kó padà wá lọ́la. Ẹni tó bá ránni níṣẹ́ kí ó fi owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀, owó oúnjẹ àti owó ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ kí ẹni náà tó jáde nílé, kó sì fi ti ọjọ́ kejì kún un.