Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń mu epo ni sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn rẹ̀ ti bàjẹ́

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tó ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo epo pẹtiróòlù. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò sì gbé nọ́ńbà kan jáde tó jẹ mọ́ ọ́síjìn tàbí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́, wọ́n gbà pé sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ohun kékeré tó ń tọ́ ọ́síjìn inú èéfín ọkọ̀ wò, ti kú nìyẹn, kí wọ́n kàn pààrọ̀ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn a pààrọ̀ rẹ̀ tán, iná á kú fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé wọ́n ti pa nọ́ńbà náà rẹ́, ọkọ̀ á sì tún máa mu epo bó ṣe ń mu ún. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ìdájọ́ lórí sẹ́ńsọ̀. Ìròyìn tí sẹ́ńsọ̀ mú wá ni. Ọ̀tọ̀ sì ni kí ìròyìn burú, ọ̀tọ̀ ni kí ẹni tó mú un wá máa purọ́.

Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ náà ò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ ọ́ fáwọn awakọ̀ pé títún ìṣòro ńlá bíi sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó bàjẹ́ ṣe lè mú kí ìrìn tí ọkọ̀ ń rìn lórí iye epo kan náà fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Òkè téńté ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ọkọ̀ tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní tòótọ́ ni wọ́n sì ń bá wí. Àmọ́ iye yẹn ló ń wọ ènìyàn létí, tí wọ́n á fi máa retí rẹ̀ lára ọkọ̀ tí àìsàn rẹ̀ wà níbòmíràn.

Ọdún 1976 ni sẹ́ńsọ̀ tí iléeṣẹ́ Bosch ṣe kọ́kọ́ jáde lára ọkọ̀ Volvo, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà. Inú páìpù sàlẹ́ńsà ni orí rẹ̀ máa ń wà, tí yóò máa tọ́ èéfín tó ń jáde wò bóyá ọ́síjìn ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Kí pẹtiróòlù tó lè jó tán láìṣẹ́ku, kìlógíráàmù kan epo nílò nǹkan bíi kìlógíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́. Bí epo bá pọ̀ jù, ọ́síjìn kì í ṣẹ́ kù, sẹ́ńsọ̀ a sì gbé iná mànàmáná tó súnmọ́ 0.9 fólítì jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, iná náà a já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.1. Kọ̀ǹpútà á wo iye yìí, á bu epo kún un tàbí kó dín in kù. Ọ́síjìn nìkan ni sẹ́ńsọ̀ yìí mọ̀. Kò mọ ibi tí ọ́síjìn náà ti wá, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo sàlẹ́ńsà tó sán, tàbí tí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jó, níbi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, ṣáájú ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà. Èéfín kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí omi ẹ̀rọ. Ìtú ìtú ló ń jáde, láàárín ìtú kan sí èkejì, agbára inú páìpù a rọ̀, a sì fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé láti ojú ibi tó sán. Sẹ́ńsọ̀ á rí ọ́síjìn yìí, á ròyìn pé epo kéré, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo sí ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ ti tó tẹ́lẹ̀. Epo ń ṣòfò lóòótọ́, sẹ́ńsọ̀ sì wà ní àlàáfíà. Tuntun tí wọ́n bá fi rọ́pò rẹ̀ kò ní sọ ohun mìíràn. Ẹni tó bá tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà láàárọ̀, kó tó gbóná, lè gbọ́ ariwo kẹ́kẹ́kẹ́ kan tí yóò máa rọlẹ̀ bí irin ṣe ń gbóná tó sì ń fẹ̀ dí ojú ibẹ̀. Bó bá sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú gásíkẹ́ẹ̀tì, ó lè bá ẹ̀gbin dúdú tí èéfín fi síbẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tí kò jó dáadáa náà ń ṣe ohun tó jọ èyí, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò bá epo jó nínú sìlíńdà á kọjá lọ bá sẹ́ńsọ̀.

Nọ́ńbà tí wọ́n sábà máa ń ṣì túmọ̀ jù lọ ni P0171, tó ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́ ní apá kìíní ẹ́ńjìnnì, ìyẹn apá tí sìlíńdà àkọ́kọ́ wà. Kò dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kankan pé ó bàjẹ́. Kí ènìyàn tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí, kó ṣí ojú ẹ̀rọ àyẹ̀wò náà síbi tó ti ń fi iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò hàn, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní fuel trim. Bó bá jẹ́ +22 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ tọ́tù, tó sì já sí +5 nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ ló ń jò wọlé láti ara họ́ọ̀sì tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́, nítorí pé ìjò kékeré máa ń hàn gan-an nígbà tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò pọ̀. Bó bá kéré láìtẹ tọ́tù, tó wá ń gòkè bí ẹrù ṣe ń wúwo, kí wọ́n wo pọ́ọ̀ǹpù epo, asẹ́ epo, àti sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ jò wọlé ní tòótọ́, epo tí kọ̀ǹpútà fi kún un ń bá afẹ́fẹ́ náà dọ́gba ni, òun nìkan kò sì tó láti sọ ọkọ̀ di ọ̀mu-epo.

P0135 yàtọ̀, nítorí òun ń sọ nípa wáyà tó ń mú orí sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ gbóná. Síbẹ̀, fíúsì àti wáyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní ti sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn kátálíìsì, ìyẹn ohun inú páìpù sàlẹ́ńsà tó ń dín oró èéfín kù, iṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì ni láti ṣọ́ kátálíìsì náà. Ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ nítorí P0420, nọ́ńbà tó ń sọ pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, tó sì ń retí pé epo yóò dínkù, sọ owó rẹ̀ nù ni lójú tèmi.

Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti dán wò. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí wọ́n sì máa wo fólítì sẹ́ńsọ̀ iwájú. Ó yẹ kó máa gòkè kó máa sọ̀ láìdúró láàárín 0.1 àti 0.9. Bó bá dúró gbári sí 0.1, kí wọ́n fẹ́ gáàsì ìdáná díẹ̀ sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, jìnnà sí iná èyíkéyìí. Bí fólítì bá fò ré kọjá 0.8 lójú ẹsẹ̀, sẹ́ńsọ̀ kò lẹ́bi. Bí kò bá mira, tàbí tó ń wọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀, tí wáyà rẹ̀ sì dára, ìgbà yẹn ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì wádìí ohun tó pa á, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń jó ọ́ìlì, tàbí tí omi rédíétọ̀ ń jò sí sìlíńdà, yóò pa tuntun náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò tíì pẹ́ ń lo irú sẹ́ńsọ̀ mìíràn tí kì í rìn láàárín 0 sí 1 fólítì. Ìdánwò yìí kò bá irú wọn mu; ojú ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni kí wọ́n ti wò ó.

Bí gbogbo èyí bá dára, ó ku àwọn ohun tí kì í tan iná kankan: bíréèkì tó há, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tẹmósítáàtì tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná tó bó ṣe yẹ. Nígbà míràn ẹ̀wẹ̀, ìṣirò ló ń tan awakọ̀. Ká ní ẹnì kan yọ táyà tó ga ní íǹṣì 31, ó fi ti íǹṣì 33 sí i. Táyà ńlá kì í yípo tó ti tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀nà kan náà, nítorí náà nígbà tí mítà bá ka kìlómítà 300, nǹkan bíi 319 ni ọkọ̀ ti rìn. Bó bá jẹ́ pé lítà 50 ló lò, mítà á ní kìlómítà 6 lórí lítà kan, bẹ́ẹ̀ ohun tó rìn gan-an jẹ́ 6.4. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó ra sẹ́ńsọ̀, kó kún táńkì dé ẹnu, kó wọn ọ̀nà náà pẹ̀lú GPS fóònù rẹ̀, kó tún kún un padà ní ẹ̀rọ epo kan náà.