Orúkọ Ta Ló Yẹ Kó Ṣíwájú?

Ní oṣù kejì ọdún 2025, onímọ̀ ìṣirò méjì, Hong Wang àti Joshua Zahl, gbé ìwé olójú-ewé 127 jáde lórí ìṣòro Kakeya, tó ń béèrè bí àyè tí abẹ́rẹ́ ti lè kọjú sí gbogbo ìhà ṣe lè kéré tó. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, àwọn kan sì ń bi mí bóyá Zahl kàn ran Wang lọ́wọ́ ni, torí orúkọ Wang ló ṣíwájú lórí ìwé náà.

Ṣé Wang ni ọ̀gá iṣẹ́ náà?
Ìtò orúkọ kò sọ bẹ́ẹ̀. W ló ṣáájú Z nínú ábídí Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ló dé tí wọn kì í fi ẹni tó ṣiṣẹ́ jù síwájú, bíi tàwọn oníṣègùn?
Nítorí iṣẹ́ ìṣirò ṣòro láti pín. Ẹni méjì lè jọ dúró níwájú pátákó fún oṣù mẹ́fà. Àbá tí ọ̀kan mú wá kùnà, àmọ́ ibi tó ti kùnà gan-an ni èkejì ti rí ọ̀nà. Òṣùwọ̀n wo la fẹ́ fi wọn ìyẹn? Ní 2004, AMS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ábídí ni wọ́n ń tẹ̀lé ní ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀ka ìṣirò.

Ẹ wo Manindra Agrawal, olùkọ́ ní Kanpur, Íńdíà, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì, Neeraj Kayal àti Nitin Saxena. Ní 2002, wọ́n rí ọ̀nà tó yá láti dá nọ́ńbà mọ̀ bí kò bá ṣeé pín àfi pẹ̀lú 1 àti ara rẹ̀. Olùkọ́ ló ṣíwájú lóòótọ́. Ká ní T ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni, òun ni ì bá kẹ́yìn.

Ṣé gbogbo onímọ̀ ìṣirò ló ń tẹ̀lé ábídí?
Rárá. Ìwé tó gbé RSA jáde ní 1978, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, to orúkọ báyìí: Rivest, Shamir, Adleman. Adleman ló ń wá àléébù sínú gbogbo ọgbọ́n tí àwọn méjì yòókù bá gbé wá. Ó ní iṣẹ́ òun kò tó, kí wọ́n yọ orúkọ òun. Wọn ò gbà, ló bá ní kí wọ́n fi òun kẹ́yìn.

Kí ni AKS04 tí mo rí nínú ìwé?
Àmì tí wọ́n fi ń tọ́ka sí iṣẹ́ kan ni: lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ Agrawal, Kayal àti Saxena, pẹ̀lú 2004 tí jọ́nà, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, tẹ iṣẹ́ wọn jáde.

Ṣé mo lè fi orúkọ ọ̀gá mi mọ́ ti àwọn tó kọ ìwé mi nítorí ọ̀wọ̀?
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú ìwé náà.

Yusuf lorúkọ mi. Ṣé kí n máa bẹ̀rù ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́?
Bí wọ́n bá ń fún ẹni àkọ́kọ́ ní máàkì jù, ẹ̀rù yín tọ́, ó sì dùn mí. Bí ẹ bá ń bá Adébáyọ̀ kan kọ̀wé, á máa ṣíwájú yín títí láé láìjẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ jù yín lọ. Ẹ so ọ̀rọ̀ tí AMS sọ ní 2004 mọ́ ìwé tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí Adébáyọ̀ kọ lẹ́tà pé ẹ jọ ṣe é ni. Ẹ gba lẹ́tà náà kí ìgbìmọ̀ tó jókòó.