Oúnjẹ àsèlójú-àlejò

Oúnjẹ àsèlójú-àlejò jẹ́ àṣà àwọn ilé oúnjẹ olówó ńlá ayé àtijọ́, níbi tí wéítà ti ń parí oúnjẹ, tí ó ń gé e tàbí tí ó ń bù ú lójú ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Àwọn Faransé ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́. Guéridon ni wọ́n ń pe tábìlì kékeré tí wọ́n ń tì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò. Sítóòfù kékeré, páànù, ìgò ọtí àti àwo gbígbóná ló máa ń wà lórí rẹ̀.

Lára àwọn oúnjẹ tí a mọ̀ mọ́ ọn ni sáládì Caesar, tí wọ́n ní Caesar Cardini ló kọ́kọ́ pò ó ní Tijuana, ní Mẹ́síkò, ní 1924, àti bananas Foster, ọ̀gẹ̀dẹ̀ oníbọ́tà tó ti ilé oúnjẹ Brennan's ní New Orleans jáde ní 1951.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni crêpes Suzette. Kíṣìnnì ni wọ́n ti ń dín páńkéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, wéítà á yọ́ bọ́tà àti ṣúgà nínú páànù, á fún omi ọsàn sí i, á ha èèpo ọsàn lé e, á sì jẹ́ kó ki díẹ̀. Fọ́ọ̀kì àti ṣíbí ló fi ń ká páńkéèkì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin nínú rẹ̀. Ọtí ló kẹ́yìn, èyí tí wéítà á dà sínú páànù, tí á sì ṣáná sí: ọtí líle bíi búrándì, tí álíkọ́ọ̀lù inú rẹ̀ tó ìdá 40 nínú 100. Wáìnì kì í gbaná. Oru ọtí ló ń jó, nítorí náà ọtí tútù kì í tètè ràn. Wéítà tó mọṣẹ́ kì í da ọtí láti inú ìgò sórí iná. Ife kékeré ló ń lò, kí iná má baà gba ojú ọtí wọnú ìgò. Ní Èkó, ó tún ní láti ṣọ́ fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Iná náà kì í pẹ́ kú, ṣùgbọ́n kì í jó gbogbo ọtí tán. Ó yẹ kí ẹni tí kì í mutí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún máa ń yọ eegun odindi ẹja lójú àlejò. Òyìnbó a máa gbé orí ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní Èkó, ó sàn kí wéítà kọ́kọ́ béèrè, torí orí yẹn gan-an ni àwọn kan ṣe ra ẹja.

Inú hòtẹ́ẹ̀lì ni irú ìjẹun aláṣọ-tábìlì-funfun bẹ́ẹ̀ fìdí sí ní Èkó: Bristol ní Martins Street ní Lagos Island, Federal Palace tí wọ́n ṣí ní Victoria Island ní 1960, ọdún òmìnira, àti Eko Hotel ní 1977. Aṣọ funfun tí sítáàṣì mú kó le gbangba ni wéítà ń wọ̀. Láti nǹkan bí 1970 síwájú ni àwọn alásè ilẹ̀ Faransé ti ń to oúnjẹ sáwo láti kíṣìnnì, tí guéridon sì ń ṣọ̀wọ́n káàkiri ayé, nítorí ó ń gba òṣìṣẹ́ púpọ̀ àti àyè láàárín tábìlì.

Nínú hòtẹ́ẹ̀lì Èkó lónìí, ibi tí èèyàn ti lè rí ìyókù rẹ̀ jù ni ìdí ẹyin òwúrọ̀, níbi tí kúkù ti ń béèrè bóyá kí òun fi ata sí i. Ní òde ìnáwó, àwọn alámàlà náà ti ń gbé ìkòkò àti omorogùn wá síwájú àlejò, wọ́n ń rò ó, wọ́n sì ń bù ú ní gbígbóná.