Ẹ̀rọ ìdárayá tó ń gbọ̀n: bó ṣe ń bá ara ṣiṣẹ́, àti ohun tó yẹ kéèyàn wò kó tó rà á

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gun ẹ̀rọ ìdárayá tó ń gbọ̀n, ìyẹn pẹpẹ oní-mọ́tò tí wọ́n ń dúró lé, sábà máa ń rẹ́rìn-ín. Àtẹ́lẹsẹ̀ á máa yún un, ẹran itan á máa jó fúnra rẹ̀, bó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n bíi ti ẹni tí òtútù mú. Ohùn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán o. Ó ń sọ pé ìgbọ̀n tó yẹ kó parí sí ẹsẹ̀ àti itan ti gun orí.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí, mọ́tò kan wà lábẹ́ pẹpẹ tó ń yí irin tí ìwúwo rẹ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí irin náà ṣe ń yí ló ń ti pẹpẹ lọ tó ń fà á bọ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń gbé gbogbo pẹpẹ ròkè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ méjèèjì jọ ń lọ sókè, wọ́n sì jọ ń bọ̀ wálẹ̀. Èkejì dà bíi pákó jangirọ́fà tí ọmọ méjì jókòó sí lọ́tùn-ún lósì: bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ròkè, tòsì á wálẹ̀. Lórí oníjangirọ́fà yìí, ibi téèyàn bá gbé ẹsẹ̀ sí ló ń pinnu bí ìgbọ̀n á ṣe pọ̀ tó. Ẹsẹ̀ tó sún mọ́ àárín kì í gbọ̀n púpọ̀, èyí tó bá wà létí ló ń jẹ gbogbo ẹ̀. Àǹfààní kan tó ní ni pé ìbàdí ló ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítorí náà ìgbọ̀n tó ń dé orí kì í tó ti ẹ̀rọ tó ń lọ sókè wálẹ̀ gbọọrọ.

Ohun tó ń mú kí iṣan ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kò ṣàjèjì. Bí dókítà bá fi òòlù kékeré lu ìsàlẹ̀ orúnkún, ẹsẹ̀ á ta fúnra rẹ̀ kí ọpọlọ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú iṣan ni àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké wà tó ń mọ̀ bí iṣan bá nà lójijì. Wọ́n á ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, òun náà á sì dá wọn lóhùn pé kí iṣan sún kì. Ẹ̀rọ yìí ń lu òòlù yẹn ní ogún tàbí ọgbọ̀n ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Nọ́ńbà méjì ló ń pinnu agbára ìlù náà. Àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí pẹpẹ ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí wọ́n ń kọ ní Hz. Ìkejì ni bó ṣe ń jìnnà sí ojú ìdúró rẹ̀ tó, èyí tí wọ́n ń kọ ní mìlímítà. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, a ó rí agbára tó ń bá ara, tí wọ́n ń fi g wọ̀n. 1 g ni agbára tí ilẹ̀ fi ń fa gbogbo wa mọ́ra lójoojúmọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n rò pé bí Hz bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Pẹpẹ tó ń gbéra ní mìlímítà 1 ní 20 Hz ń fún ara ní nǹkan bíi 1.6 g. Bí wọ́n bá gbé e sí 40 Hz, tí wọn ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ó di 6.4 g. Mìlímítà 2 ní 30 Hz ti kọjá 7 g. Lórí ẹ̀rọ tó ń lọ sókè wálẹ̀, bí agbára bá ti lé ní 1 g, pẹpẹ lè sáré wálẹ̀ ju ẹsẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ lọ, kó tún padà wá pàdé àtẹ́lẹsẹ̀ lójú ọ̀nà.

Orúnkún ni ṣọ́ọ̀kù ara. Bí èèyàn bá dúró ṣánṣán tó sì na orúnkún gan-an, eegun á to léra bí òpó, ìgbọ̀n á sì gba inú òpó náà lọ tààrà sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ọrùn àti ojú. Bó bá lóṣòó díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ jókòó tó wá yí èrò padà, iṣan itan ló máa gba ìlù náà, èyí tó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gun ẹ̀rọ. Eyín tó ń lu ara wọn, ojú tó ń rí bàìbàì, ohùn tó ń gbọ̀n: bí ọ̀kan nínú wọn bá yọjú, kéèyàn tẹ orúnkún sí i, kó dín Hz kù, tàbí kó sọ̀ kalẹ̀.

Ìlànà àgbáyé kan wà, ISO 2631-1, tó dá lórí ìgbọ̀n tó ń wọ ara, irú èyí tí àwọn tó ń wa katakata àti ọkọ̀ ńlá ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí gbé ẹ̀rọ ìdárayá sórí òṣùwọ̀n yẹn. Wọ́n rí i pé ìṣẹ́jú 10 lóòjọ́ ní 30 Hz, tí pẹpẹ ń rin mìlímítà 4 láti ìsàlẹ̀ dókè, ti kọjá ohun tí ìlànà náà gbà láyè fún ọjọ́ kan. Lóòótọ́, ẹni tó ń ṣe eré ìmárale kò jókòó sórí katakata fún ogún ọdún, nítorí náà ìfiwéra náà ní ibi tó mọ. Síbẹ̀, ó tó láti mú kéèyàn fura sí ẹni tó bá ní kó máa dúró lórí rẹ̀ fún wákàtí kan.

Ohun kan wà tí ìwé ìtọ́nisọ́nà kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Ìgbọ̀n tó lọ́ra, láàárín 4 sí 8 Hz, ni àwọn ohun inú ikùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń bá jó jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí 30 Hz pàápàá gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá nígbà tó bá ń gbéra àti nígbà tó bá ń dúró. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń mì gììrì bó bá kù díẹ̀ kó dúró. Kí èèyàn ti tẹ orúnkún kó tó tẹ bọ́tìnì, kó má sì nà án títí pẹpẹ á fi dákẹ́ pátápátá.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30 tó, kó sinmi fún iye kan náà, kó tún un ṣe bí ìgbà márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kó di ọ̀pá mú nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, torí òòyì lè kọ́ ọ. Awọ ẹsẹ̀ lè máa yún tàbí kó pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré síbẹ̀ ni, kì í sì í pẹ́ lọ. Gbígbé orí tàbí ọrùn lé pẹpẹ kò yẹ rárá.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ gùn ún àfi bí dókítà bá ní kò séwu. Aláboyún wà nínú wọn, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí nínú òpójẹ̀ ẹsẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì tó bá já lè lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Òkúta inú kíndìnrín lè ṣí kúrò níbi tó wà. Ẹni tí awọ inú ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ti fẹ́ ṣí, ẹni tí ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò tíì san, ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ láìpẹ́, oníwárápá, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń darí ìlùkìkì ọkàn sí láyà: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ béèrè kí wọ́n tó gùn ún. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri. Kò ní mọ̀ ọ́n lára bí pẹpẹ bá ń ṣe é léṣe.

Ìpolówó máa ń sọ pé ìṣẹ́jú 10 lórí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú wákàtí kan nínú jíìmù. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Dídúró lásán lórí pẹpẹ kì í jó ọ̀rá púpọ̀. Eré tí èèyàn bá ń ṣe lórí rẹ̀ ló ń jó o. Wọ́n tún ń sọ pé ó ń mú eegun le. Ìwádìí kan tó jáde ní Kánádà lọ́dún 2011 mú obìnrin 202 tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn máa dúró lórí pẹpẹ oní 0.3 g fún ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́ fún ọdún kan. Eegun àwọn tó gùn ún kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò gùn ún. Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣèrànwọ́ díẹ̀ ni agbára ẹsẹ̀, pàápàá lára àwọn àgbàlagbà tí eré líle ti kọjá agbára wọn.

Bó bá wá di ọ̀rọ̀ rírà, kí olùrà má wo “ipele 1 sí 99” tí wọ́n kọ sára páálí. Ipele kì í ṣe Hz. Kó béèrè Hz, kó béèrè mìlímítà, kó sì béèrè bóyá láti àárín ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n tàbí láti ìsàlẹ̀ dókè, torí ìkejì jẹ́ ìlọ́po méjì àkọ́kọ́. Nọ́ńbà wáàtì ń sọ iná tó ń jẹ, kì í sọ agbára tó ń dé ẹsẹ̀. Iye ìwúwo tó lè gbé ṣe pàtàkì: mọ́tò kékeré tó ń sáré dáadáa lófìfo lè rẹ̀ bí ẹni tó tóbi bá gùn ún. Ẹ̀rọ tó fúyẹ́ jù á máa rìn kiri lórí ilẹ̀ oní-táìlì. Kí ọ̀pá ìdìmú wà, kí bọ́tìnì ìdádúró sì wà níbi tọ́wọ́ á tètè dé. Àmì CE ń sọ pé olùṣe ní ọjà òun bá òfin ààbò Yúróòpù mu. Kò sọ pé ó ń wo àìsàn kankan sàn.

Béèyàn bá fẹ́ mọ òótọ́, bébà, bírò àti fóònù ti tó. Kó lẹ bébà mọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, kó gbé bírò lé orí àpótí tí kò ní mì, kó sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kan bébà nígbà tí ẹnì kan bá wà lórí ẹ̀rọ. Gígùn ìlà tó bá fà ni ìrìn pẹpẹ láti ìsàlẹ̀ dókè. Kó wá fi fóònù tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ya ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ náà, kó ka iye àwòrán tó wà láàárín ìgbà tó ròkè àti ìgbà tó tún ròkè. Mẹ́jọ túmọ̀ sí 30 Hz, méjìlá sì túmọ̀ sí 20 Hz. Bí méjìlá bá jáde lára ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 40 Hz sí, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí wọ́n polówó ni olùrà fẹ́ gbé lọ sílé.